Pátákó Mẹ́rinlélọ́gọ́rin

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu náà, kò sí ẹnìkan nínú ààfin tó pè é ní ohun burúkú. Ọ̀rọ̀ àánú ni gbogbo wọn kà á sí, àní ẹ̀rín ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Nígbà náà, ogun ti tán nílẹ̀, àwọn ajẹ́lẹ̀ sì ti ń gbé ìwé òfin kiri láti ìlú dé ìlú. Ọba jókòó sórí àga rẹ̀ nínú aṣọ àrán pupa tí etí rẹ̀ ti ń ṣá, nítorí bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú to ara wọn mọ́ ògiri, kálukú fi ọ̀pá ìtilẹ̀ há àárín orúnkún. Lọ́wọ́ ọ̀tún ọba ni ajẹ́lẹ̀ wà, nínú aṣọ funfun tó ní bọ́tìnnì idẹ. Ó fi ẹ̀wọ̀n so aago mọ́ àpò àyà rẹ̀, kò sì lè jókòó pẹ́ kó má fà á yọ wò.

Ọ̀rọ̀ odi omi ló kó wọn jọ. Lápá òkè odò, adágún ńlá kan wà tí bàbá bàbá ọba fi odi amọ̀ sé, kí oko má baà máa gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ìgbà ogun ni wọ́n mọ odi náà, ìkánjú ni wọ́n sì fi mọ ọ́n. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ kọ́kọ́ dé, ó gun ẹṣin lọ wò ó, ó fi ọ̀pá gún un níbi mẹ́ta, omi yọ níbi méjì. Kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ odi, kí wọ́n so agogo ńlá kọ́ síbẹ̀, kí alágogo sì máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Bí odi bá ti fẹ́ já, agogo yóò dún, gbogbo ìlú yóò sì gun òkè tó wà lẹ́yìn ọjà. Kí ó má baà di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, agogo yóò dún fún ìdánrawò, wọn kò sì ní í sọ ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ilé mẹ́rinlélọ́gọ́rin ló wà nínú ìlú. Gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú gbẹ́ pátákó kékeré kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, ó fi irin gbígbóná tẹ àmì sí i lára: ẹja fún ilé apẹja, abẹ́rẹ́ fún ilé aránṣọ, ìkòkò fún ilé amọ̀kòkò. Lórí òkè, ó gbé igi gbọọrọ kan nà, ó kan ìṣó mẹ́rinlélọ́gọ́rin mọ́ ọn. Bí ilé kan bá ti gòkè dé tèwe-tàgbà, wọn á fi pátákó wọn kọ́ ìṣó. Gbẹ́nàgbẹ́nà yìí náà ni wọ́n fi ṣe aka-pátákó, ẹni tí yóò máa kà wọ́n. Bí ìṣó kankan kò bá ṣófo mọ́, á kígbe pé, “Ó pé o!” Á ju aṣọ funfun sókè, alágogo á rí i láti ọ̀ọ́kán, á sì dákẹ́.

Ọdún méjì ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ti sú wọn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, amọ̀kòkò wọ ààfin wá pẹ̀lú amọ̀ gbígbẹ lápá. Opó ni, ó ní ọmọkùnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ nídìí iná, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ mì.

“Kábíyèsí o,” ó kúnlẹ̀. “Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ajẹ́lẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.”

“Dìde, ìyá,” ọba dáhùn. “Kí ló dé?”

“Agogo ni, Kábíyèsí. Iná tí mo dá sábẹ́ ìkòkò kò mọ̀ pé ìdánrawò ni. Bí agogo bá dún, mo sá. Bí mo bá sá, iná á rẹlẹ̀. Bí iná bá rẹlẹ̀, ìkòkò á sán. Lóṣooṣù ni mò ń mọ ìkòkò tí màá tún fọwọ́ ara mi kó dànù. Àwọn arúgbó àdúgbò wa ńkọ́? Wọ́n á gun òkè lónìí, wọ́n á dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ká má baà kú sómi, Kábíyèsí, a ti ń kú sórí òkè!”

Ẹ̀rín bú nínú ààfin. Ọba pàápàá fi etí aṣọ àrán bo ẹnu. Gbẹ́nàgbẹ́nà, tí òun náà wà níjòkòó nítorí iṣẹ́ pátákó, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí wọ́n ń pè ní Àgbàlagbà nítorí bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rí ayé. Àyà a máa fún ọmọ náà. Nígbàkígbà tó bá gun òkè yẹn, èémí rẹ̀ á máa dún bí ẹwìrì, ètè rẹ̀ á sì dúdú. Lóṣooṣù ni bàbá rẹ̀ ń rí i bẹ́ẹ̀ níwájú igi tó kan ìṣó mọ́, tí kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ dì í mú.

Ó dìde, ó tẹrí ba. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó máa ń bẹ igi kó tó fi ayùn kàn án.

“Kábíyèsí, bí ẹ bá yọ̀ǹda fún mi. Pátákó ni mò ń kà, n kò ka orí. Bí ẹnìkan bá gbé pátákó ilé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti mọ̀ pé ilé náà gbọ́ agogo. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa ṣojú fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó kù máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Kí arúgbó sinmi. Kí ọmọdé sinmi.”

Ajẹ́lẹ̀ fa aago yọ. “Bí omi bá wá dé lóòótọ́ ńkọ́?”

“Olúwa mi, ta ni yóò rí omi tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé kó sá?”

Ààfin tún rẹ́rìn-ín. Ajẹ́lẹ̀ wo aago títí, ó ní lóòótọ́, kíkà á tètè parí bí èèyàn bá dín kù. Akọ̀wé rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ bu ọwọ́ lù ú, ọba tẹ òǹtẹ̀. Amọ̀kòkò gbàdúrà fún gbẹ́nàgbẹ́nà títí tó fi jáde. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú ààfin lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó béèrè pé báwo ni ẹni tó jókòó sílé yóò ṣe mọ ọjọ́ tí kì í ṣe ìdánrawò.

Nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà délé, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí òfì. Ahunṣọ ni. Ilé wọn ló sún mọ́ odò jù ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, nítorí ó fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ojú omi wọlé sórí òwú rẹ̀.

“Ẹ ò ní gun òkè mọ́,” ó wí. “Èmi ni màá máa lọ fún gbogbo wa.”

Ìyàwó rẹ̀ kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ojú rẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o, aṣojú wa. Ẹ bá wa kí òkè o. Ẹ sọ fún un pé orúnkún mi dúpẹ́.”

Àgbàlagbà, tó ń to kẹ̀kẹ́ òwú nílẹ̀, gbójú sókè. “Bàbá, bí omi bá wá dé, ta ló máa gbé mi?”

“Èmi ni màá gbé ọ.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lórí òkè?”

“Ọmọ yìí!” ìyá rẹ̀ ké. “Jẹ́ kí bàbá rẹ sinmi.” Ni bàbá bá rẹ́rìn-ín, ó gbé e lé itan, wọ́n sì bọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn.

Fún ọdún mẹ́ta, nǹkan lọ geere. Ilé kọ̀ọ̀kan yan ẹni tó lẹ́sẹ̀ jù, ó sì di ohun àmúyangàn. Ọkùnrin apẹja àti ọmọ alágbẹ̀dẹ a máa bá ara wọn du ìṣó àkọ́kọ́. Iye ìṣẹ́jú tí kíkà ń gbà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ajẹ́lẹ̀ ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó ní kò sí ìlú tó múra sílẹ̀ de ewu tó èyí. Àwọn ìlú míràn rán èèyàn wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. Wọ́n dá aṣọ tuntun fún un, pẹ̀lú fìlà tí wọ́n fi òwú dúdú kọ “Aka-pátákó” sí níwájú. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ ọ́.

Nísàlẹ̀ nínú ìlú ńkọ́? Ó ti mọ́ wọn lára. Bí agogo bá dún, ẹni tó ń lọ ata kò ní í gbójú sókè. Wọ́n á kàn wí pé, “Ẹni wa ti lọ.”

Odi já ní ọjọ́ kan tí oòrùn ràn dáadáa. Òjò ti rọ̀ lápá òkè odò fún ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan kò bọ́ sínú ìlú. Bó ti ku díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n ni agogo dún. Gbẹ́nàgbẹ́nà wà níbi tó ti ń kan àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kò jìnnà sí òkè. Ó yọ pátákó tirẹ̀ lára ògiri, ó de fìlà, ó sáré gòkè. Inú rẹ̀ dùn pàápàá, nítorí ajẹ́lẹ̀ wà nílùú lọ́jọ́ náà, òun náà sì ti ń gòkè bọ̀ tòun ti aago lọ́wọ́.

Apẹja ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tẹ̀ lé e, ó ń bú u. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń rọ́ dé, tẹ̀rín-tẹ̀rín, òógùn lójú, pátákó lọ́wọ́. Amọ̀kòkò ló dé kẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Ó fi àmì ìkòkò kọ́ ìṣó tó kù. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi ojú gbá igi náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún kà á padà, nítorí olóòótọ́ ni.

“Mẹ́rinlélọ́gọ́rin!” ó kígbe. “Ó pé o!”

Ajẹ́lẹ̀ gbé aago sókè. “Kò tíì yá tó báyìí rí!” Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n hó yèè. Gbẹ́nàgbẹ́nà ju aṣọ funfun sókè.

Agogo kò dákẹ́.

Ó tún jù ú. Agogo ń dún lọ, kíkankíkan, bí ẹni tí wọ́n ń lù tó ń ké. Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Apẹja dojú kọ apá òkè odò, ó ní, “Kí nìyẹn?” Ìgbà yẹn ni gbẹ́nàgbẹ́nà yí ojú kúrò lára pátákó, tó sì wo àwọn èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Abarapá ni gbogbo wọn. Kò sí arúgbó kan láàárín wọn. Kò sí aboyún. Kò sí ọmọdé, ì báà ṣe ẹyọ kan.

“Àwọn tó kù dà?” ó béèrè. “Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, àwọn tó kù dà?”

Ẹ má béèrè bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan yí gbirigbiri. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé àkókò ti wà. Láti ìgbà tí agogo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún títí di ìgbà tí omi wọ ìlú, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ìbá ti gun òkè náà dé òkè. Ọmọ tí àyà ń fún ìbá ti dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Alágogo ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fa okùn agogo títí omi fi gbé òun àti ilé ìṣọ́ lọ. Agogo náà sì dákẹ́ nígbà tí àwọn ará orí òkè ń dé ẹ̀yìn ọjà.

Omi ti wà lójú pópó ṣáájú wọn. Omi amọ̀ pupa ni, ó gbé òrùlé àti igi àti màlúù, kò sì dún bí omi rárá, ńṣe ló ń kù bí ẹni tí inú ń bí. Gbẹ́nàgbẹ́nà kọ orí sí i. Omi ti mù ún dé àyà kí apẹja àti ọmọ alágbẹ̀dẹ tó fà á padà, ó gé apẹja jẹ lọ́wọ́, wọn kò jù ú sílẹ̀. Ó ń pe ìyàwó rẹ̀. Ó ń pe ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò pe orúkọ mọ́, ó kàn ń ké. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn tó dúró létí omi lọ́jọ́ náà.

Igba èèyàn ó lé mọ́kànlá ló lọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà, níbi tí ẹrọ̀fọ̀ gbé e jù sí lábẹ́ igi kan. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ tó ń hun lọ́wọ́ ló fi pọ̀n ọ́n, ó gé e kúrò lórí òfì láìparí, òwú rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ lápá kan. Ó ti ta á ní kókó mẹ́ta. Ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, tó lè gbẹ́ kókó tó le jù lára igi, kò lè tú u. Ó ní kí wọ́n sin wọ́n bẹ́ẹ̀.

Amọ̀kòkò ló wá bá a nídìí ibojì. Àwọn ọmọkùnrin tirẹ̀ méjèèjì kú sídìí iná tí wọ́n ń ṣọ́ kí ìkòkò má baà sán. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Mo gba iwájú ilé yín kọjá lọ́jọ́ náà,” obìnrin náà wí. “Mo bi í pé, ‘Ìyá Àgbàlagbà, ẹ ò ní í lọ?’ Àwàdà ni mo fi ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ṣé àwa? Ọkọ mi ni aka-pátákó. Àwa ti débẹ̀ kí agogo tó dún.’”

Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé orí sókè. “Ọmọ ńkọ́? Kí lọmọ wí?”

“Ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ó ní, ‘Ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jọ̀ọ́.’ Ìyá rẹ̀ ní àyà rẹ̀ kò lè gbé e.” Amọ̀kòkò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Mo rò ó bóyá kí n má sọ fún yín.”

“Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́,” ó wí.

Ìjọba rán àwọn onídàájọ́ wá. Wọ́n pàgọ́ sórí òkè, wọ́n tẹ́ aṣọ lé tábìlì, akọ̀wé ki kálámù bọ àdó tàdáwà. Wọ́n pe aka-pátákó síwájú. Ajẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò fa aago yọ.

“Kí ni òfin wí?” àgbà onídàájọ́ béèrè.

“Kí ẹnìkan ṣojú fún ilé kọ̀ọ̀kan, olúwa mi.”

“Ṣé gbogbo ilé ló wá?”

“Gbogbo ilé ló wá.”

“Ṣé o kà wọ́n bó ti tọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà wọ́n.”

Àwọn onídàájọ́ gbórí sún mọ́ ara wọn díẹ̀. “Nígbà náà, o ò jẹ̀bi. Òfin kò rí ohun tó fi mú ọ. Máa lọ sílé rẹ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, olúwa mi,” gbẹ́nàgbẹ́nà kúnlẹ̀ lórí eruku. “Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́ láàfin. Ilé tẹ́ ẹ ní kí n máa lọ yẹn, kò sí. Ẹ bá mi wá ẹ̀bi kan, ẹ bá mi wá ẹ̀wọ̀n kan. Bí ẹ bá ní n kò jẹ̀bi, ta ni kí n lọ bá?”

Ajẹ́lẹ̀ dìde láìwí fún ẹnikẹ́ni, ó jáde kúrò nínú àgọ́. Kí oṣù tó parí, ó ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọba kò wọ aṣọ àrán mọ́ títí ó fi wàjà.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Àwọn tó kù kó ilé wọn lọ sórí ilẹ̀ gíga, opó fẹ́ ọkọ tí aya rẹ̀ bómi lọ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, wọ́n sì so agogo mìíràn kọ́ nítorí odò. Wọ́n ṣe òfin tuntun tó wà nínú ìwé ìlú náà títí dòní: orí ni kí wọ́n máa kà. Tèwe-tàgbà, aláìsàn, ọmọ ọwọ́, kí gbogbo wọn gòkè, kí wọ́n sì fi ọwọ́ kan orí kálukú. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kà, gbogbo wọn yíjú sí ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Amọ̀kòkò ló lọ bá a. “Ta lo fẹ́ kó kà á?” ó bi í. “Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni?”

Ó ka orí fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ọwọ́ rẹ̀ yóò balẹ̀ lórí ọmọdé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́, yóò sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Kò fi ohùn kà á. Bó bá kà á tán, iye náà á bá ti inú ìwé mu, gbogbo èèyàn á sì ti rí i pé ó bá a mu. Ṣùgbọ́n kò kígbe “Ó pé” láti ọjọ́ náà títí ó fi kú. Ńṣe ni yóò dojú kọ ọ̀nà tó wá láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìlú àtijọ́ wà, tí yóò sì dúró, tí ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀. Àwọn èèyàn á dúró tì í. Iṣẹ́ wà nílé, ọmọ ń sunkún, oòrùn ń ta wọ́n lórí, kò sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ tuntun kan wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìlú náà lọ́ra.

Lọ́dún tó lò kẹ́yìn, ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n bí lórí ilẹ̀ gíga náà, tí kò mọ̀ nípa odi omi, fa aṣọ rẹ̀.

“Bàbá,” ó wí, “ta la tún ń retí?”

Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra kíákíá. Gbẹ́nàgbẹ́nà wo ọmọ náà, ó sì tún yí ojú padà sí ọ̀nà. Wọ́n dúró títí òjìji wọn fi gùn lórí koríko, kí amọ̀kòkò tó lọ di apá rẹ̀ mú, tí wọ́n sì jọ rìn lọ sílé.